Ẹranko Orí Aṣọ: Ìtàn Aṣọ Korhogo àti Àwa Tí À Ń Tà Á ní Port-Bouët

Ìtàn bí àwọn baba wa ṣe dé ilẹ̀ yìí ni a sábà máa ń kọ sí ojú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjà kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti tà rí, tí àwọn mìíràn sì ń tà títí di òní, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Aṣọ Korhogo ni. Aṣọ òwú tí kò funfun báláú, tí wọ́n fi dúdú ya ọ̀nì, ìjàpá, ejò, ẹyẹ, ẹja àti ọdẹ sí lára. Ẹni tó bá gba ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Port-Bouët kọjá, tàbí tó bá ń lọ sí Grand-Bassam, yóò ti rí i níbi tí wọ́n na án sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ ẹ sọ́tùn-ún sósì. Àwọn òyìnbó máa ń béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa a ní, "Ẹranko ni," a ó sì dárúkọ iye owó rẹ̀. Ìdáhùn náà kò tó fún ẹni tó ti ń fi ọjà kan bọ́ ọmọ láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Korhogo wà ní àríwá, ní ilẹ̀ àwọn Senufo. Abúlé tó lókìkí jù fún yíya aṣọ yìí ni Fakaha. Waraniéné, tí òun náà wà ní agbègbè Korhogo, híhun aṣọ ni tiwọn, àwọn Júlà ló sì pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Òwú ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń lò. Obìnrin ló ń ran òwú, ọkùnrin ló ń hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí òfì, wọn a wá rán àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́ ara wọn títí yóò fi fẹ̀. Ẹni tó bá mọ aṣọ òkè wa kò nílò àlàyé níbí. Ó kàn ń wo ìbátan rẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí ni ayàwòrán yóò tẹ́ aṣọ náà sórí pátákó. Kò ra ọ̀dà kankan ní ṣọ́ọ̀bù. Omi ewé tí wọ́n sè ni yóò kọ́kọ́ fi ya ìlà rẹ̀, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò mú tàbí igi tí wọ́n gbẹ́, ìlà náà yóò sì dà bí àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n. Bí ó bá gbẹ, yóò bu ẹrẹ̀ dúdú tí wọ́n gbé láti inú àbàtà, tí wọ́n ti rẹ sínú ìkòkò fún ọjọ́ pípẹ́, yóò fi í tọ ojú ìlà náà lẹ́ẹ̀kejì. Irin tó wà nínú ẹrẹ̀ ló ń bá oje ewé náà pàdé tí ó fi ń di dúdú. Nígbà tí wọ́n bá fọ aṣọ náà, ẹrẹ̀ á bá omi lọ, dúdú á kù sílẹ̀.

Àwọn Bámánà ní Mali náà ń fi ẹrẹ̀ ya aṣọ tiwọn tí à ń pè ní bogolan. Ewé igi tí wọ́n ń lò fún un ni igi tí àwa ń pè ní àyìn, èyí tí àwọn bàbá wa fi ń rin ẹnu láàárọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Bámánà a máa kọ́kọ́ ri gbogbo aṣọ sínú omi ewé, obìnrin ló sì ń yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní Fakaha, orí aṣọ tí a kò tíì rẹ ni ìlà ń bọ́ sí, ọkùnrin ló sì ń yà á. Ẹ má ṣe pe ọ̀kan ní èkejì lójú oníbàárà tó mọ̀ ọ́n. Yóò bínú lọ ni.

Ohun tó yẹ kí a mọ̀ ni pé àwòrán wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ayàwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ronú kàn. Àdàkọ ni wọ́n. Kí òyìnbó tó máa rà á kọ́ sára ògiri, aṣọ ọdẹ ni, aṣọ àwọn tó ń jó nínú ẹgbẹ́ awo Poro sì ni. Ẹranko tí wọ́n yà sí i wà níbẹ̀ láti dáàbò bo ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú igbó, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ tiwa náà ṣe ń gbé nǹkan kọ́ ara ẹ̀wù rẹ̀. Àwọn Senufo ní ẹranko márùn-ún ló ṣáájú dé ilé ayé: ọ̀gà, ìjàpá, ère, ọ̀nì, àti ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn tí Faransé ń pè ní calao. Àwọn yìí kan náà ni wọ́n ń gbẹ́ sára ilẹ̀kùn onígi wọn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn Ifẹ̀ rí, ẹ rántí pé lẹ́yìn tí adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tan ilẹ̀ káàkiri, ọ̀gà ni wọ́n rán pé kó lọ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti le. Láti Ifẹ̀ dé Korhogo jìnnà púpọ̀, síbẹ̀ ọ̀gà kan náà ló ń yẹ ilẹ̀ wò níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Àwọn ọmọ ń wo ọwọ́ bàbá wọn, wọ́n ń tọ ìlà tí bàbá tọ̀. Nítorí náà ni ọ̀nì Fakaha fi máa ń jọ ara wọn, tí kò sì sí méjì tó dọ́gba tán. Nígbà tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, pàápàá lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, aṣọ náà kúrò lára ènìyàn, ó gun ògiri. Àwòrán pọ̀ sí i, wọ́n fi eégún àti ọdẹ kún un, wọ́n sì ń gé e ní ìwọ̀n tí yóò wọ inú àpótí ìrìn-àjò. Àwọn ará Fakaha a máa sọ fún àlejò pé Picasso, ayàwòrán ńlá nì, ti wá sí abúlé wọn wá kọ́ṣẹ́. Àwọn tó kọ ìtàn ìgbé-ayé Picasso kò rí ibi tó ti tẹ ilẹ̀ Áfíríkà dúdú rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwa ọlọ́jà kò ní bá wọn jiyàn. Ìtàn tó bá ta ọjà, ìtàn ni. Ṣùgbọ́n inú ìwé ọdún ni a wà yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí.

Báwo ni aṣọ àwọn Senufo ṣe wá di ọjà lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá ní etí òkun? Reluwé ni ẹ ó kọ́kọ́ bi. Ọdún 1904 ni Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà reluwé láti Àbíjàn lọ sí àríwá. Ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, ó sì dé Ouagadougou ní 1954. Kò gba inú Korhogo kọjá. Ferkessédougou ni èrò Korhogo ti ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn baba wa láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó, Ìnísà àti àwọn ìlú mìíràn, tí àwọn onílé ń pè ní Anango, tẹ̀ lé ọ̀nà yìí pẹ̀lú àtẹ lórí. Wọ́n ń gbé ọjà wẹ́wẹ́ gòkè, wọn kì í sì í fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé fi ìlú sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kò padà sílé tààrà; ìhà ibí ni wọ́n kọjú sí. Ìgbà náà ni a pọ̀ sí i ní Treichville, Adjamé, Koumassi àti Port-Bouët níbí. Títí di òní, bí ẹnì kan bá wà ní Bouaké tàbí ní Man, Àbíjàn náà ni wọ́n ó sọ pé ó wà nílé.

Port-Bouët dára fún irú ọjà yìí. Orúkọ ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Faransé kan, Bouët-Willaumez, ni wọ́n fi sọ ibẹ̀. Kí wọ́n tó la ọ̀nà omi Vridi ní 1950, orí wọ́ọ̀fù ibí ni ẹrù ọkọ̀ òkun ti ń sọ̀kalẹ̀. Òkun wà níwájú wa, ọ̀sà wà lẹ́yìn wa, pápákọ̀ òfurufú sì wà láàárín. Àlejò tó bá wọ̀lú níbí ló ń gbà, èyí tó ń padà lọ, tó rántí pé òun kò tíì ra ẹ̀bùn fún ìyàwó rẹ̀, níbí náà ni. Lẹ́yìn èyí, àgọ́ ọmọ ogun Faransé, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí BIMA, wà láàárín wa láti 1978. Oníbàárà dáadáa ni wọ́n, nítorí wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ wọn, ẹni tó bá sì ń lọ gbọ́dọ̀ mú nǹkan lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2025 ni wọ́n fa àgọ́ náà lé ìjọba Côte d'Ivoire lọ́wọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta oúnjẹ lápá ibẹ̀ mọ ohun tí a ń sọ.

Ọjà yìí ti rí ayọ̀, ó ti rí ìbànújẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1994 tí wọ́n dín agbára owó CFA kù sí ìlàjì, ẹkún ni fún ẹni tó ń ta ọjà òkè òkun, nítorí iye tó ń rà á di ìlọ́po méjì mọ́jú. Ṣùgbọ́n aṣọ Korhogo, tí òwú rẹ̀, ewé rẹ̀ àti ẹrẹ̀ rẹ̀ kò ti ibì kankan wá ju Korhogo lọ, rọrùn lójú òyìnbó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú wa dìde lórí rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀, ìlú pín sí méjì, Korhogo bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ títí di 2011. Arìnrìn-àjò afẹ́ kò gòkè mọ́. Ayàwòrán ní Fakaha padà sídìí ọkọ́, aṣọ tó wà lọ́wọ́ wa níbí sì ń gbó lórí okùn, nítorí òyìnbó tìkára wọn ń sá lọ, pàápàá lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù kọkànlá 2004. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí nígbà náà rántí bí a ṣe ń dín ohùn wa kù nínú ọkọ̀ kí wọ́n má baà mọ̀ pé àlejò ni wá. A kò ní fa ìyẹn gùn.

Ẹ jẹ́ kí a ya ẹsẹ̀ díẹ̀ sí òkè òkun, nítorí àwọn kan rò pé iṣẹ́ ará oko ni fífi ọwọ́ da ẹranko kọ. Ọ̀kan nínú ìwé tó gbówó lórí jù láyé, àwòrán ẹyẹ ló wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kùn ún. John James Audubon ló ya àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí ni wọ́n ti bí i ní 1785, nínú oko ìrèké bàbá rẹ̀, ní erékùṣù kan náà tí wọ́n ti ń pe àwọn ẹ̀yà wa tí wọ́n kó lẹ́rú ní Nago, orúkọ tí wọ́n ń pè wá ní Àbíjàn níbí gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ní ẹrú nígbà tó dàgbà, kí a má fi bò. Láti 1827 sí 1838 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde, àwòrán 435, lórí bébà títóbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "erin méjì" nítorí títóbi rẹ̀. Bàbà ni wọ́n fín àwòrán sí, wọ́n fi tàdáwà dúdú tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà àwọn òṣìṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ Robert Havell ní London jókòó tì í, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, bébà kan tẹ̀ lé èkejì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010, wọ́n ta ẹ̀dà kan ní London ní mílíọ̀nù méje pọ́n-ùn ó lé díẹ̀.

Orúkọ Audubon ni ayé mọ̀. Àwọn tó kun àwọ̀ sí i, ta ló ń dárúkọ wọn? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Fakaha. A ti ta aṣọ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò sì rí orúkọ ayàwòrán lára ọ̀kan nínú mẹ́wàá.

Nǹkan kejì tí a rí kọ́ nínú ìwé Audubon ni pé ó ya ẹyẹlé ìgbẹ́ kan tó pọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà ayé rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá ń fò, wọn a bo ojú oòrùn. Wọ́n pa á jẹ tán. Èyí tó kẹ́yìn kú nínú ọgbà ẹranko ní Cincinnati ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914. Ayékòótọ́ Carolina tí òun náà yà, ọgbà kan náà ni èyí tó gbẹ́yìn mọ̀ pé ó wà nínú àgò ti kú ní 1918. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọ̀ tí wọ́n ní, inú ìwé ni yóò lọ.

Àwa náà kò ṣàì ní tiwa. Ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, àwọn ìyá wa ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń yà á, ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní mú un. Ẹyẹ, ẹja, àkéekèé, alángbá, gbogbo wọn ló ní àyè tiwọn lórí aṣọ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yóò da ti ìyá rẹ̀ kọ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi yọ̀. Aṣọ oníbébà láti ilé iṣẹ́ òkèèrè ló fẹ́ẹ̀ pa á, kí àwọn bíi Níkẹ̀ Òkúndáyé tó gbé e dìde padà. Ohun kan náà ló ti wá dé bá aṣọ Korhogo nísinsìnyí, èyí gan-an ló sì mú wa kọ̀wé yìí.

Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ti kún ọjà. Wọ́n ya fọ́tò aṣọ Fakaha, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún yáàdì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ra ogójì lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí a kò ní dárúkọ, ó fi owó iṣẹ́ ọwọ́ rà á. Oníbàárà rẹ̀ tó kó mẹ́fà lọ fọ̀ ọ́, dúdú rẹ̀ ṣàn, ó gbé e padà wá, ó sì pariwo níwájú gbogbo ọjà pé olè ni àwọn Anango. Ọ̀rọ̀ náà kò kan ẹnì kan mọ́, gbogbo wa ló kàn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìdí ọjà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí kí ẹ tó san owó. Ẹ yí i padà: tòótọ́ kò ní mọ́ lẹ́yìn, oje á ti gba inú òwú kọjá níbi kan, kò sì ní kọjá níbòmíràn. Ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti rán tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀. Ti ẹ̀rọ máa ń ya ojú rírán náà bí àwòrán lásán, ọwọ́ yín kò ní bá nǹkankan níbẹ̀. Ẹ gbé ọ̀nì méjì tó wà lórí aṣọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí eyín wọn bá bára dọ́gba láìkù síbì kan, ẹ̀rọ ni. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹrẹ̀ kì í tètè gbàgbé ibi tó ti wá.

Ìgbìmọ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni má ta ti ẹ̀rọ. Ọmọ ń jẹun, ilé ń gba owó, oníbàárà mìíràn sì wà tí kò ní ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fàráǹsì lọ́wọ́. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé kí ẹni tó bá ń ta ti ẹ̀rọ sọ pé ti ẹ̀rọ ni, kí ó má sì so ó pọ̀ mọ́ ti ọwọ́ lórí okùn kan náà. Àwọn kan ṣì ń kùn sí èyí. A gbọ́ kíkùn yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ erin. Erin ni àmì orílẹ̀-èdè yìí, orí rẹ̀ wà nínú àmì ìjọba, orúkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ń jẹ́, àwọn kan náà tí wọ́n na Nàìjíríà wa ní àmì ayò méjì sí ẹyọ kan ní Ebimpé lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2024, tí a kò fi lè jáde lọ́jọ́ kejì. Láti 1974 ni ìjọba ti fòfin de iṣẹ́ ọdẹ. Síbẹ̀, ní 2020, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde pé nínú igbó ìjọba àti ọgbà ẹranko 25 tí wọ́n wá erin igbó dé, mẹ́rin péré ni wọ́n ti rí àmì rẹ̀. Oko kòkó ti jẹ igbó, ọdẹ ti jẹ èyí tó kù. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin kí a sọ pé a rí erin. Nínú gbogbo àwa tó wà nínú ìgbìmọ̀, kò sí ẹni tó rí erin rí ní ilẹ̀ yìí, àfi lórí aṣọ àti lórí fáníìlà bọ́ọ̀lù.

Bí ó ti rí fún wa nìyẹn. Ti àwọn ọmọ wa tún yàtọ̀. Nínú ìpàdé wa kan, a na aṣọ Korhogo kan fún àwọn ọmọ, a ní kí wọ́n dárúkọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n pe gbogbo rẹ̀ ní Faransé láìsinmi. Ní Yorùbá, ejò, ẹja àti ìjàpá ni wọ́n mọ̀. Àwọn àgbà ní kí àwọn gba iṣẹ́ náà ṣe, orí ẹyẹ calao ni wọ́n ti jà: ìdajì ní àkàlà ni, ìdajì ní àgbìgbò ni, ìyá kan sì ní àwọn méjèèjì ń purọ́.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ dàgbà sí oko nílé, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ pàápàá, bá wa kọ orúkọ àwọn ẹranko tí ẹ mọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe rí àti ibi tí ẹ ti rí wọn. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kó pe ọmọ rẹ̀ kó bá a kọ ọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò máa gbà á ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdún tó ń bọ̀, pẹ̀lú àwòrán tí a ti san owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ayàwòrán kan ní Fakaha. A ti sọ fún un pé kó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.